DNA Kò Jáde Nínú Ọ̀gẹ̀dẹ̀: Ibo Ló Há Sí?

Láti ọjọ́ tí mo ti ní káwọn ọmọ SS2 wa ní Àkúrẹ́ lọ yọ DNA ọ̀gẹ̀dẹ̀ (ohun inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé àṣẹ bí ara ṣe máa rí) nílé ni ìbéèrè ti ń rọ́ wọlé lórí WhatsApp. Àwọn òbí ń béèrè, àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi láti Oǹdó náà ń béèrè. Mo kó àwọn tó jọra pọ̀ síbí.

Ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe rèé. Ẹ bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n, ẹ mú ìdajì rẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná. Ẹ po ṣíbí tíì kan ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ omi tó tó 100 ml. Ẹ dà á lé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, ẹ rò ó jẹ́jẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ wá sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra da sípíríìtì tó tutù nini gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì kí ó lè dúró lókè omi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní ìṣẹ́jú bíi 5 sí 10, nǹkan funfun yóò yọ níbi tí méjèèjì ti pàdé, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ yí i jáde.

Bí kò bá yọ, ẹ má tíì sáré lọ ra sípíríìtì mìíràn. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ibo ni DNA náà há sí. Ó lè há sẹ́yìn ògiri sẹ́ẹ̀lì, ó lè há sínú awọ, ó lè há mọ́ prótíìnì, ó sì lè wà nínú omi níbẹ̀ kó kàn kọ̀ láti jáde.

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo ṣe gbogbo ohun tí ẹ sọ, mo dúró títí, mi ò rí nǹkan kan. Omi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nísàlẹ̀, sípíríìtì wà lókè, ó parí síbẹ̀. (Ọmọ SS2, Ọ̀bá-Ilé)

Báwo ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ṣe rí kí o tó da omi sí i? Bí ó bá ṣì ní kókó-kókó, ẹ̀yìn ògiri ni DNA rẹ wà. Sẹ́ẹ̀lì ohun ọ̀gbìn ní ògiri líle tí a fi sẹ́lúlóòsì mọ, ọṣẹ kì í wó ògiri yẹn. Ọwọ́ rẹ ló máa wó o. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ wá èyí tó pọ́n dáadáa, tí èèpo rẹ̀ ti ní àmì dúdú: bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ti ń pọ́n, àwọn ẹ́ńsáìmù (prótíìnì oníṣẹ́) inú rẹ̀ ti ń tú ògiri náà dẹ̀ kí o tó débẹ̀.

Bí ó bá kúnná, ọṣẹ ló kàn. Awọ kan yí sẹ́ẹ̀lì ká, òmíràn tó nípọn ju ìyẹn lọ sì yí núkílíọ́sì ká, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú DNA wà. Ọ̀rá ni a fi ṣe awọ wọ̀nyí. Mólékù ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ní orí tó fẹ́ràn omi àti ìrù tó ń sá fún omi, wọ́n sì tò ní ìlà méjì kí ìrù lè kọjú sí ìrù ní àárín. Mólékù ọṣẹ náà ní irú orí àti irú ìrù bẹ́ẹ̀. Ó ń yọ́ wọ àárín wọn, ó sì ń tú ìlà náà ká, gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe sí ọ̀rá ẹran tó lẹ̀ mọ́ ìkòkò. Bí o bá dín ọṣẹ kù nítorí pé màmá ní o ń fi ọṣẹ ṣòfò, awọ ò ní tú. Ẹnìkan bi mí nípa ọṣẹ dúdú. Ó ń tú ọ̀rá lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi rẹ máa dúdú débi pé o ò ní rí nǹkan funfun kankan nínú rẹ̀.

Èyí tí mo rí jù lọ ni omi tó pọ̀ jù. Àwọn ọmọ máa ń da omi kún ife kí ó lè rọrùn láti sẹ́. DNA inú ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó nǹkan, bí o bá wá fi omi là á tán, sípíríìtì ò ní rí nǹkan kó jọ.

Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi dá sí i. Ìhó ọṣẹ ló kún gíláàsì àwọn ọmọ mi, nígbà tí ó sì rọlẹ̀, kùrukùru ni a rí, kò sí okùn. (Tíṣà báyọ́lọ́jì, Oǹdó)

Ẹ ní kí wọ́n yé gbọ̀n ọ́n. Okùn DNA gùn púpọ̀, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju ohun tí ojú lè rí lọ. Tí a bá gbọ̀n ọ́n bí ẹní gbọn oògùn inú ìgò, tàbí tí a fi blẹ́ńdà lọ̀ ọ́ pẹ́, yóò gé kélekèle. Èyí tó ti gé kì í ṣeé fi igi yí, kùrukùru náà ló máa jẹ́. DNA ṣì ni o, ẹ fún àwọn ọmọ náà ní máàkì wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ògógóró bọ̀ láti Igbókòdá, ó ní ọtí náà kúkú ni. Kí ló dé tí kò ṣiṣẹ́? (Ọmọ SS2, Òkè Àró)

Ọtí ni lóòótọ́, omi inú rẹ̀ ló pọ̀.

Wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yìn okùn DNA, láti òkè dé ìsàlẹ̀, fọ́sífétì àti ṣúgà ló tò síbẹ̀. Fọ́sífétì ní iná nẹ́gétíìfù lára, omi sì fẹ́ràn ohun tó bá ní iná lára, nítorí náà omi á rọ̀ mọ́ DNA, DNA á yòrò sínú omi, o ò ní rí i. Sódíọ̀mù tó ti inú iyọ̀ jáde ní iná pọ́sítíìfù, ó ń wá fọ́sífétì kiri láti dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n omi dúró láàárín wọn. Iṣẹ́ ọtí ni láti sọ omi di aláìlágbára. Nígbà tí ọtí bá pọ̀ tó, sódíọ̀mù á rí fọ́sífétì dì mú, iná ara DNA á pa, okùn tó ń lé okùn ẹgbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn tẹ́lẹ̀ á wá lè kó jọ. Ìgbà yẹn lojú ń rí i. Bí iyọ̀ kò bá sí, ọtí nìkan kì í fi bẹ́ẹ̀ rí iṣẹ́ náà ṣe, torí náà má fo iyọ̀.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí sípíríìtì rẹ bá jẹ́ 95%, tí o da ìwọ̀n méjì rẹ̀ lé ìwọ̀n kan omi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọtí inú àpapọ̀ wọn yóò jẹ́ nǹkan bí 63%. DNA á jáde. Ká ní ògógóró ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ́ 40%, ìwọ̀n kan náà yóò fún ọ ní nǹkan bí 27%. DNA á jókòó jẹ́jẹ́ sínú omi rẹ̀. Sípíríìtì 70% tí kẹ́mísìtì ń tà fún ojú egbò wà láàárín: òun náà á bọ́ sí nǹkan bí 47%, nítorí náà da púpọ̀ sí i, kí o sì dín omi ìbẹ̀rẹ̀ kù.

Má ṣe gbé ògógóró kaná láti mú un le. Ó ń gbaná. Sípíríìtì náà ń gbaná, má ṣe é nídìí àbẹ́là nígbà tí iná bá lọ. Kò sì ṣeé tọ́ wò rárá, torí wọ́n máa ń fi mẹ́táńọ́ọ̀lù sí i, ìyẹn tó ń fọ́ ojú ènìyàn.

Iná kò sí láti àná, mà. Ṣé dandan ni kí sípíríìtì tutù? Ẹ̀rù sì ń bà mí pé tí mo bá fi sí fíríísà yóò dì. (Ìjàpọ̀)

Kò ní dì. Ọtí gidi kì í dì àfi tó bá di nǹkan bí −114°C, fíríísà ilé kò débẹ̀.

Ó yẹ kó tutù. Nígbà tí o fọ́ sẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe DNA nìkan lo tú sílẹ̀. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gígé DNA. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì wà láàyè, olúkúlùkù wà ní yàrá tirẹ̀. Nísinsìnyí gbogbo wọn ti pàdé nínú ife kan. Òtútù ń fa ọwọ́ ẹ́ńsáìmù náà sẹ́yìn. Lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹja yìnyín ní Ọjà Ọba, ra áìsì díẹ̀, fọ́ ọ, wọ́n iyọ̀ sí i kó lè tutù ju bó ti wà lọ, kí o ri ìgò sípíríìtì tí o ti dé pa mọ́ inú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi tó wà ní yunifásítì ní irọ́ ni, pé nǹkan funfun yẹn kì í ṣe DNA, pé péktíìnì ni. Ta ló tọ̀nà? (Alágbàká)

Ọ̀rẹ́ rẹ kò purọ́, àmọ́ kò sọ gbogbo rẹ̀. Péktíìnì ni ohun tó lẹ sẹ́ẹ̀lì ohun ọ̀gbìn mọ́ra wọn, òun náà sì máa ń jáde bó bá rí ọtí. RNA, ìbátan DNA, ń jáde, prótíìnì díẹ̀ ń bá wọn jáde. Ohun tó wà lórí igi rẹ, àdàlù ni.

Ìbéèrè yìí kò tún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1869, Friedrich Miescher, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní Tübingen ní Jámánì, ń yọ sẹ́ẹ̀lì láti inú ọyún tó wà lára báńdéèjì ilé ìwòsàn. Ó rí ohun kan nínú núkílíọ́sì wọn tí kò jọ prótíìnì. Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé prótíìnì náà ni, ó fi pẹpsíìnì tó yọ láti inú ikùn ẹlẹ́dẹ̀ sí i, èyí tó ń jẹ prótíìnì run. Ohun náà kò run. Ó wò ó síwájú sí i, ó bá fọ́sífọ́ọ̀sì nínú rẹ̀. Ohun tó rí yẹn ni à ń pè ní DNA lónìí.

Ìwọ náà lè ṣe irú rẹ̀. Oje ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù ní ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ prótíìnì. Kán an díẹ̀ sí omi tí o ti sẹ́, dúró fún ìṣẹ́jú bíi 5 kí o tó da sípíríìtì sí i. Ti inú agolo kò wúlò, iná ti pa ẹ́ńsáìmù rẹ̀. Ní ti péktíìnì, yọ DNA tìrẹ wò: fi omi iyọ̀ fọ ẹnu fún ìṣẹ́jú kan, fi eyín họ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́, tu ú sínú gíláàsì, kí o fi ọṣẹ àti sípíríìtì sí i bíi ti tẹ́lẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kò ní ògiri, kò sì ní péktíìnì. Okùn tó bá yọ níbẹ̀ kò lè jẹ́ péktíìnì láé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé itọ́ lè dà pọ̀ mọ́ ọn. Tí ọ̀rẹ́ rẹ bá ṣì ń jiyàn, kó gbé e lọ sí yàrá ìwádìí tiwọn, kó fi ẹ̀rọ ibẹ̀ díwọ̀n bó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn tó 260 nm mọ́ra (nm kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà). DNA àti RNA ń gbà á gan-an, péktíìnì kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà á.

Ọmọ mi ní okùn DNA kan ṣoṣo lòun fà jáde. Ṣé kámẹ́rà fóònù lè fi àwọn lẹ́tà rẹ̀, A, T, G àti C, hàn? (Ìyá ọmọ kan, Arákàlẹ́)

Rárá, mà. Àìmọye okùn ló lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn yẹn. Okùn kan kò nípọn ju 2 nm lọ, maikirosíkóòpù iléèwé kò sì lè ya ohun tó sún mọ́ra ju nǹkan bí 200 nm sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kó ya fọ́tò rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀.

Mo gún ìka, mo lo ẹ̀jẹ̀ mi, kò sí nǹkan tó jáde. Ṣé ẹ̀jẹ̀ kò ní DNA ni? Kí wá ni wọ́n ń wò tí wọ́n bá ń ṣe genotype? (Ọmọ SS2, Oǹdó)

Kọ́kọ́ yé gún ìka. A kò rán ẹ níyẹn.

Ìbéèrè rẹ dára ju iṣẹ́ tí mo fún yín lọ. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ti ju núkílíọ́sì rẹ̀ nù kí ó tó jáde wá sínú ẹ̀jẹ̀, kí àyè lè gba hemoglóbíìnì, prótíìnì pupa tó ń gbé ọ́síjìn. Nínú microlitre kan ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 5, àwọn funfun tó ní DNA kì í ju nǹkan bí 4,000 sí 11,000 lọ. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan kò lè fún ọ ní okùn tí ojú rí. Ti adìyẹ yàtọ̀: sẹ́ẹ̀lì pupa adìyẹ ṣì ní núkílíọ́sì rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ adìyẹ fi ń fúnni ní DNA rẹpẹtẹ.

Ní ti genotype, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ń ṣe kò fọwọ́ kan DNA rárá, hemoglóbíìnì ni wọ́n ń wò. DNA ló ni àṣẹ, RNA ló gbé àṣẹ náà jáde, prótíìnì ni iṣẹ́ tí a fi àṣẹ náà ṣe. Lórí krómósóómù 11 (ọ̀kan nínú àwọn ìdì DNA wa), níbi tí àṣẹ apá kan hemoglóbíìnì wà, ẹni tó ní S ní lẹ́tà T níbi tí A yẹ kó wà. GAG di GTG, prótíìnì wá gba èròjà tó ń jẹ́ valine níbi tí èyí tó ń jẹ́ glutamic acid yẹ kó wà. Glutamic acid ní iná nẹ́gétíìfù, valine kò ní. Nítorí náà, tí wọ́n bá fi iná mànàmáná fa hemoglóbíìnì lórí bébà, hemoglóbíìnì S á máa rọra rìn lẹ́yìn hemoglóbíìnì A. Ẹni tó jẹ́ AA ní ìlà kan, ẹni tó jẹ́ AS ní méjì, SS ní ìlà kan tó gbẹ̀yìn.

DNA orí igi rẹ kò lè sọ tìrẹ fún ọ láìsí ẹ̀rọ tó ń ka lẹ́tà. Lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí ọ lára láàárín oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, sọ fún wọn, torí sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́, hemoglóbíìnì ẹni tó fún ọ lẹ́jẹ̀ lè ṣì wà níbẹ̀ kó sì yí èsì rẹ padà.