Bí Mo Ṣe Ṣètò Ìrìn-àjò RV Wa Láti Montana Wọ Òkè Rockies ní Kánádà

Ìwé ìrìnnà ni mo kọ́kọ́ dojú kọ, n kò tíì wo mọ́tò kankan. Èèyàn márùn-ún la fẹ́ lọ: èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ wa méjì, àti màmá mi tó ń bọ̀ wá kí wa ní Houston láti Ìbàdàn. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kí a gba RV, mọ́tò tó ní ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, ní Kalispell ní ìpínlẹ̀ Montana, kí a wo Glacier National Park, ọgbà ìjọba Amẹ́ríkà tó wà nítòsí ibẹ̀, kí a gba Waterton kọjá bodè sí Banff àti Lake Louise ní Kánádà, kí a sì gba ọ̀nà mìíràn padà sí Kalispell.

Ọkọ mi ti di ọmọ Amẹ́ríkà, ibẹ̀ la sì bí àwọn ọmọ sí, pásípọ́ọ̀tù wọn ti tó. Gírín káàdì lèmi ní. Láti oṣù kẹrin ọdún 2022, ẹni tó ní gírín káàdì lè wọ Kánádà láìgba físà, bó bá ti mú káàdì náà àti pásípọ́ọ̀tù orílẹ̀-èdè rẹ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá dání. Tìrẹ lè jẹ́ ti Nàìjíríà tó ti kú sínú àpótí láti ọjọ́ yìí. Yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó ṣe ohunkóhun, torí gbígba òmíràn lè pẹ́.

Ọ̀rọ̀ màmá ló gba àròjinlẹ̀. Àwọn èèyàn wa máa ń sọ pé ẹni tó bá ti ní físà Amẹ́ríkà lè yà sí Kánádà. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí Kánádà ṣe é lẹ́rọ̀ fún lọ́dún 2023, ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò sí lára wọn, ẹni tó bá sì wọ bàálù nìkan ni ètò yẹn wà fún, kì í ṣe ẹni tó gba orí ilẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, tí màmá ṣì wà ní Ìbàdàn, mo bá a kọ fọ́ọ̀mù físà Kánádà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dọ́là Kánádà 100 ni owó físà, 85 ni ti ìtẹ̀ka àti fọ́tò. Ó wọ mọ́tò lọ sí Èkó lọ tẹ̀ka, ìtẹ̀ka yẹn yóò sì wúlò fún un fún ọdún mẹ́wàá. Ohun tí a fi ti ìwé náà lẹ́yìn ni ìwé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ (olùkọ́ ni kó tó fẹ̀yìn tì), ìwé ilé rẹ̀, lẹ́tà ìpè láti ọwọ́ mi, ìwé báńkì ọkọ mi, àti ètò ìrìn-àjò náà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, tó fi hàn pé Montana la ó padà sí. Físà Amẹ́ríkà tirẹ̀ gba wíwọlé lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ìyẹn sì ṣe pàtàkì gan-an, nítorí wíwọ Kánádà lọ̀tọ̀, pípadà sí Amẹ́ríkà lọ̀tọ̀.

A kò dúró de físà kí a tó gba ààyè tí a ó máa sùn. Bí o bá dúró, àwọn ẹlòmíràn á ti gbà á tán. Ọgbà ìjọba Amẹ́ríkà àti ti Kánádà ló ń dá èyí tó pọ̀ nínú owó padà fún ẹni tó bá tètè fagi lé e, wọ́n kàn ń yọ owó díẹ̀ ni. Ní St. Mary, ní ìhà ìlà-oòrùn Glacier, oṣù mẹ́fà ṣáájú ni wọ́n ń ṣí ààyè sílẹ̀. Ní Kánádà, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni, ọgbà kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Mo ti forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì méjèèjì, mo ti kọ ìwọ̀n mọ́tò àti nọ́ńbà káàdì mi síbẹ̀ ṣáájú, kó má di pé mo ń wá káàdì kiri nígbà tí ààyè ń lọ. Kò sí iná ẹ̀lẹ́kítíríìkì láti so mọ́ mọ́tò nínú àwọn ibùdó Glacier. Ó wà ní Waterton, ní Tunnel Mountain ní Banff, àti ní ibùdó RV Lake Louise. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe to àwọn alẹ́ wa: alẹ́ tí kò níná kò gbọ́dọ̀ pọ̀ léra wọn, torí bátìrì mọ́tò ló ń gbé fáànù ẹ̀rọ amúlégbóná, òtútù òru orí òkè yẹn kì í sì í ṣe ti Houston, kódà nínú oṣù keje.

Gígùn mọ́tò ló wá kàn. Ọ̀nà kan la Glacier já láàárín, Going-to-the-Sun Road, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1933, nǹkan bí máìlì 50. Ara òkè ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, ó sì gun Logan Pass ní ẹsẹ̀ bàtà 6,646. Mọ́tò tó bá gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 21 lọ, tàbí tó fẹ̀ ju 8 lọ pẹ̀lú díńgí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gba àárín ọ̀nà náà láti Avalanche títí dé Rising Sun. Kì í ṣe àsọdùn. Àpáta rọ̀ dẹ̀dẹ̀ sórí ọ̀nà lápá kan, ọ̀gbun wà lápá kejì. Mo lè gba RV kékeré tó máa wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n màmá kò ní lè máa gun àkàbà lọ sùn, n kò sì fẹ́ kó máa jáde lóru wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbi tí béárì ń rìn. Ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 25 ni mo mú, tó ní ibùsùn nílẹ̀ lẹ́yìn, àwọn ọmọ ń sùn lókè orí awakọ̀. Mo ní ká fi tiwa sílẹ̀ ní St. Mary, ká wọ Red Bus gun òkè.

Ọmọ, ìpinnu tí inú mi dùn sí jù nìyẹn. Àwọn bọ́ọ̀sì pupa yìí ti wà lójú ọ̀nà yẹn láti àárín ọdún 1930 sí 1939, wọ́n sì ń ká òrùlé kánfáàsì wọn sẹ́yìn kí ojú lè tó òkè. Màmá fi ìborùn wé orí, ó tún fi ìró bo ẹsẹ̀, ó wojú sókè títí a fi dé Logan Pass. Ewúrẹ́ òkè funfun kan dúró lórí àpáta níbẹ̀, irun rẹ̀ ń já bọ́ lábọ̀wọ́-abọ̀wọ́ nítorí ẹ̀ẹ̀rùn. Ọkọ mi tí ì bá máa fi ojú ẹ̀rù di sítíárì mú náà rí nǹkan wò.

Kò yẹ kí n gbàgbé ìwé mọ́tò. Ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo pè kò gbà kí RV wọn kọjá bodè rárá. Èyí tí a lò gbà, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ nínú lẹ́tà pé wọ́n fún wa láyè, kí wọ́n sì fún wa ní káàdì ìńṣọ́ránsì tí Kánádà mọ̀ fún mọ́tò àlejò. Aṣọ́bodè lè béèrè èyíkéyìí. Bí wọn kò bá tíì kọ ọ́ sínú ìwé, má san owó.

Láti Kalispell, US 2 ni RV gbọ́dọ̀ gbà yí gúúsù ọgbà náà po dé St. Mary, ọ̀nà tó fẹ̀ ni, ó gba Marias Pass kọjá. Láti St. Mary, a lọ sí bodè Chief Mountain. Bodè yẹn kì í ṣí lọ́dún yípo: àárín oṣù karùn-ún ló ń ṣí, ó sì ń tì nígbà tí oṣù kẹsàn-án bá ń parí, kì í sì í ṣí tọ̀sán-tòru. Ẹni tó bá lọ lẹ́yìn ìgbà yẹn, Carway ni yóò gbà, lórí US 89. Òkè Chief Mountain fúnra rẹ̀ dá dúró, orí rẹ̀ tẹ́, ilẹ̀ àwọn Blackfeet, ìran tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òkè mímọ́ ló sì jẹ́ fún wọn títí dòní. Nígbà tí mo sọ èyí fún màmá, ó ní, “Àdùkẹ́, ṣé bíi ti Òkè’Bàdàn náà nìyẹn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Mo ti kọ gbogbo oúnjẹ wa sórí ìwé kan: gàrí, èlùbọ́, ata gígún, ẹja gbígbẹ, ẹ̀gúsí. Aṣọ́bodè Kánádà béèrè ibọn, ọtí, oúnjẹ, igi ìdáná. Igi ìdáná kò gbọ́dọ̀ kọjá, nítorí kòkòrò tó ń ba igbó jẹ́. A rà á lọ́hùn-ún. Agolo ata tí wọ́n ń fọ́n lójú béárì lè kọjá, tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ti ẹranko ni. Aṣọ́bodè náà ṣí ike gàrí, ó gbóòórùn rẹ̀, ó béèrè ohun tó jẹ́, ọkọ mi ní gbágùúdá ni, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tó rí físà màmá, ó ní ẹ kú ìrìn lédè tirẹ̀, a kọjá.

Ọdún 1932 ni wọ́n so Glacier àti Waterton pọ̀ di ọgbà àlàáfíà láàárín orílẹ̀-èdè méjì, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé. Ibùdó wa wà nínú ìlú kékeré Waterton, lẹ́bàá adágún tí ààlà là já. Ẹ múra sílẹ̀ de afẹ́fẹ́ ibẹ̀. A kò lè ta ìbòòrùn ara mọ́tò, ṣe ni a ká a mọ́ra. Lára igi òkè, ẹ ó ṣì rí ibi tí iná ọdún 2017 gbà kọjá: igi dúdú lóòró, òdòdó láàárín wọn.

Ní Kánádà, òfin ibùdó ni pé kí ohunkóhun tó lóòórùn má ṣe wà níta bí o kò bá jókòó tì í: ìkòkò, kànìnkànìn, ọṣẹ, omi tí a fi fọ abọ́. Èyí kan ẹja gbígbẹ wa gidigidi. Inú mọ́tò la ti se ẹ̀fọ́, fèrèsé ní títì, a sì da omi abọ́ síbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Fún béárì, ọgọ́rùn-ún mítà ni kí ẹ jìnnà sí i. Fún àgbọ̀nrín ńlá elk, ọgbọ̀n.

Láti Waterton a gba Highway 22 lọ sí Banff, ọgbà ìjọba tó pẹ́ jù ní Kánádà, ọdún 1885. Láàárín 20 oṣù kẹfà àti 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba Kánádà fi ẹnu-ọ̀nà ọgbà wọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo èèyàn, wọ́n sì yọ ìdá mẹ́rin kan kúrò nínú owó ibùdó, ó dẹ̀ wá lọ́rùn. (Ní Amẹ́ríkà, káàdì ọlọ́dọọdún dọ́là 80 la lò.) Láti ọdún 2023, mọ́tò ara ẹni kò lè lọ sí adágún Moraine mọ́, bọ́ọ̀sì ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń jáde ní aago mẹ́jọ àárọ̀ nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì, mo sì jí sí i.

Láti Lake Louise a gba Icefields Parkway, ọ̀nà tó gùn ní kìlómítà 232 títí dé ìlú Jasper. Ẹ rọ epo kún kí ẹ tó gbéra: ní Saskatchewan River Crossing nìkan ni epo wà lójú ọ̀nà, ó sì wọ́n. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nítorí náà mo ti tọ́jú máàpù sórí fóònù. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi jíà kékeré dín eré mọ́tò kù, ẹ má tẹ bíréèkì títí. Omi adágún Peyto dà bí aró tí wọ́n fi wàrà lù; yìnyín orí òkè ló ń lọ àpáta kúnná bí èlùbọ́, tí ìyẹ̀fun náà sì ń léfòó nínú omi. Ní Athabasca Glacier, yìnyín ńlá kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà náà, wọ́n rì àwọn òpó tí a kọ ọdún sí sí ibi tí yìnyín dé rí. Àwọn ọmọ wa ń rìn láti òpó dé òpó. Yìnyín yẹn ti fà sẹ́yìn ju kìlómítà kan àbọ̀ lọ láàárín nǹkan bí ọdún 125. Ó dùn mí gan-an láti rí i.

Mo ti pinnu láti ilé pé ibẹ̀ la ó ti yí padà. Jasper, tí iná ba ìdá mẹ́ta kan ilé rẹ̀ jẹ́ nínú oṣù keje ọdún 2024, ti ń gbàlejò padà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn màmá kò gba ìjókòó pípẹ́ sí i. Ọ̀nà Highway 93 la fi padà, ó gba inú ọgbà Kootenay lọ sí Radium, níbi tí omi gbígbóná ti ń tú jáde láti inú ilẹ̀ sínú adágún ìwẹ̀. Màmá wọ̀ ọ́ dé àyà, ó ní orúnkún òun ti gbọ́.

Kí a tó dé bodè Roosville, tó máa ń ṣí tọ̀sán-tòru, a ti jẹ èso àti ẹyin tó kù tán. Mo ti tẹ I-94 màmá, àkọsílẹ̀ ọjọ́ tó wọ Amẹ́ríkà àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ jáde, sórí ìwé láti ilé, mo fi sínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ní ojú ewé físà. Aṣọ́bodè wò ó, ó bi í pé ìgbà wo ló ń padà sí Nàìjíríà, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, màmá dáhùn, ó dá pásípọ́ọ̀tù náà padà fún un, a kọjá. Ní Kalispell, a da omi ìdọ̀tí mọ́tò nù, a rọ epo kún, a fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́.