Oyún tí mo fi pamọ́ ní Ìlú Ọba

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba, mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún yín: ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, ẹ pe 111 bí ara kò bá yá, ẹ pe 999 bí ó bá le. Ọ̀fẹ́ ni oògùn aláboyún, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí bá yín gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ó tán. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni mo fẹ́ sọ.

Oyún mi ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ. Ìyá ọkọ mi ti kìlọ̀ lórí WhatsApp pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́ títí yóò fi pé oṣù mẹ́ta. Ayé ò ṣe é fọkàn tán. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ó dúdú bí omi kọfí, ikùn sì ń dùn mí ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Mo pe 111. Obìnrin tó gbé e bi mí bóyá ó ṣeé ṣe kí n lóyún. Ọ̀rẹ́ mi kan láti ṣọ́ọ̀ṣì ń ro àmàlà lọ́wọ́ ní kíṣìnnì, mò ń gbọ́ ìró omorogùn níbi tí mo jókòó sí. Níwájú rẹ̀ kẹ̀? Mo ní rárá. Ó ní ṣé ìrora náà pọ̀? Mo ní díẹ̀ ni, mò ń gbé e mọ́ra. Ẹ wo orí mi! Ó ní kí n lo paracetamol, kí n tún pè bó bá le sí i.

Lóru, ṣóńṣó èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo rò pé mo fi sùn ni. Mo dìde láti lọ tọ̀, òòyì kọ́ mi, mo ṣubú. Fífọ́ ni ọkọ mi fọ́ ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Oyún náà ò sí nínú ilé ọmọ rárá. Inú tíúbù tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ ló dúró sí, tíúbù ti bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti kún inú mi. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń dun èèyàn dé èjìká. Ectopic ni wọ́n ń pè é. Wọ́n gé tíúbù náà, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára.

Ẹ gbọ́ mi o: "I am pregnant" ni kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín, kí ẹ tó kí wọn pàápàá. Ẹ sọ iye ọ̀sẹ̀. Ẹ sọ iye páàdì tó rin láàárín wákàtí kan. Ẹ sọ ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn yín. Nílé, "a dúpẹ́" lèèyàn ń dáhùn ná kó tó wá sọ ohun tó ń ṣe é. Níbí, "fine" tí ẹ bá sọ ni wọ́n máa kọ sílẹ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì ò bá yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ ní ẹ fẹ́ ògbufọ̀ Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ béèrè Early Pregnancy Unit, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya àwòrán oyún kékeré, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣí lóru. Bí òòyì bá ń kọ́ yín tàbí tí èjìká ń dùn yín, 999 ni. Ẹ má dúró de àárọ̀ Mọ́ńdè, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín! Ẹni tó kàn wá ṣèbẹ̀wò lè rí bíìlì lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ torí owó dá ìtọ́jú aláboyún dúró.

Ẹ̀jẹ̀ dídì náà ń bẹ. Oyún máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì láti ìbẹ̀rẹ̀, pàápàá bí èébì ò bá jẹ́ kí omi dúró nínú yín, tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ nínú bàálù láti Èkó. Arábìnrin kan ládùúgbò wa, ẹsẹ̀ òsì nìkan ló wú, ó pọ́n, ó ń gbóná. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń fi àbóníkì ra á. Kí ni wọ́n ń fọwọ́ ra, ẹ jọ̀ọ́? Ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn lè já kó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ìgbà tí kò lè mí dáadáa mọ́ ni wọ́n tó gbé e lọ. Abẹ́rẹ́ heparin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ló ń gún ara rẹ̀ níkùn títí ó fi bí, àti fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbí; kì í dé ara ọmọ. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i. Bó bá kàn yín lára, dókítà ni kí ẹ sọ fún, ẹ má kàn lọ jù ú sínú dúrọ́ọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi tó ro àmàlà ló kọ́kọ́ wá kí mi ní wọ́ọ̀dù. Ó ní òun ti mọ̀ pé mo lóyún, láti ìgbà tí mo ti ń tutọ́ kiri.