Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lórí PHP inú PBX ọ́fíìsì, àti owó oníbàárà tí ó ń bá a lọ

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì kan ní Broad Street, ní Erékùṣù Èkó, nítorí pé láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹni tí ó bá pe nọ́ńbà ilé iṣẹ́ náà kì í gbọ́ ju ìró kan lọ kí ìpè tó já. Ọmọkùnrin tí ó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn jókòó níwájú ojú ìwé funfun báláú kan, òógùn sì bò ó bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ibi tí ojú ìwé funfun yẹn wà ni ó yẹ kí ojú ìṣàkóso FreePBX wà, ìyẹn ètò tí à ń fi darí PBX, ẹ̀rọ tí ń pín ìpè fóònù nínú ọ́fíìsì. PHP ni èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ ojú ìṣàkóso náà. Mo bi í léèrè ohun tí ó ṣe, ó ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá, mo yọ PHP àtijọ́ ni, mo sì fi tuntun sí i." Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyẹn lọ́dún yìí tí mo gbọ́ gbólóhùn yẹn, láti Apapa dé Ikeja, inú sì ń bí mi gidigidi, nítorí pé owó oníbàárà ni ó ń bá a lọ, iyì iṣẹ́ wa sì ń bá a lọ pẹ̀lú.

N kò kọ èyí fún ẹni tí kò mọ ohun tí Asterisk, ètò tí ń gbé ìpè gan-an, ń ṣe. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ti fi FreePBX sórí sáfà rí, tí ẹ ti so trunk (ọ̀nà tí ìpè ń gbà dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ fóònù) mọ́ ọn, tí ẹ sì ti ń gba owó iṣẹ́ ni mò ń bá wí.

Àṣìṣe kìíní ni pé ẹ rò pé PHP inú PBX kò yàtọ̀ sí PHP tí ó wà lórí ìkànnì ẹni tí ń ta aṣọ. Lórí FreePBX, Apache tí ń gbé ojú ìwé jáde àti Asterisk tí ń gbé ìpè ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ orúkọ oníṣe kan ṣoṣo, èyí tí ń jẹ́ asterisk. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gba ihò PHP wọlé kò nílò páswọ́ọ̀dù extension (nọ́ńbà fóònù inú ilé) ẹnikẹ́ni mọ́. Ó lè kọ ọ̀nà ìpè tirẹ̀ sínú fáìlì Asterisk, kí ó sì máa pe nọ́ńbà òkèèrè tí òun àti ẹni tí ó ni nọ́ńbà náà jọ ń pín owó rẹ̀. Irú olè yìí kì í kọ ìkọkúkọ sójú ìwé yín, nítorí pé ohun tí ó ń fẹ́ ni kí ẹ máa sùn lọ.

Mo rí i pẹ̀lú ojú mi ní ilé iṣẹ́ àwọn tí ń gba ẹrù jáde ní èbúté Apapa. Mo ṣí àkọsílẹ̀ ìpè òru ọjọ́ Àìkú, mo sì rí aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá, lẹ́yìn náà mọ́kànlá lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà méjìlá, ìlà lẹ́yìn ìlà, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 009, àmì ìpè òkèèrè, gbogbo wọn sì jáde láti extension ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Mo rìn dé ẹnu géètì náà. Fóònù ibẹ̀ ti fọ́ láti ọjọ́ pípẹ́; wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n sì gbé e sábẹ́ àga. Owó tí wọ́n kó sórí trunk fún oṣù mẹ́ta ti tán kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́.

Àṣìṣe kejì ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún èyí: ẹ ń fi ojú ìṣàkóso sílẹ̀ gbayawu lórí port 80 àti 443 (ẹnu ọ̀nà tí ojú ìwé ń gbà) fún gbogbo ayé. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀gá fẹ́ máa wo àkọsílẹ̀ ìpè láti ilé rẹ̀ ní Magodo, íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù rẹ̀ sì máa ń pààrọ̀ àdírẹ́sì IP nígbà gbogbo, nítorí náà ẹ ò rí IP kan pàtó tí ẹ lè fún láyè, ẹ sì fún gbogbo ènìyàn láyè. VPN, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ inú íntánẹ́ẹ̀tì, bíi WireGuard tàbí OpenVPN yóò yanjú ọ̀rọ̀ náà láàárín ọ̀sán kan, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀ lórí ìwé àṣẹ.

Ẹ rántí oṣù Ògún ọdún 2025. Ihò tí wọ́n fún ní nọ́ńbà CVE-2025-57819 (CVE ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ihò ààbò mọ̀) wà nínú module endpoint, ẹ̀ka àfikún kan, ti FreePBX 15, 16 àti 17. Wọ́n wọn ìwúwo ewu rẹ̀, ó jẹ́ 10 nínú 10. Ẹni tí ó gba ibẹ̀ wọlé kò nílò páswọ́ọ̀dù kankan, àwọn olè sì ti ń lò ó láti ọjọ́ 21 oṣù náà, ó kéré tán, kí àtúnṣe tó jáde. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí: ẹni tí ó máa ń fi àtúnṣe sí i ní gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá kò lè fi èyí tí kò tíì sí gba ara rẹ̀ là. Àwọn tí ojú ìṣàkóso wọn wà lẹ́yìn VPN ni olè ìta kò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀.

Àṣìṣe kẹta: gbígbé port 443 lọ sí 8443 kì í ṣe ààbò.

Fail2ban náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ń méfò páswọ́ọ̀dù ni ó wà fún, kò sí ohun tí yóò fi ẹni tí kò béèrè páswọ́ọ̀dù ṣe.

Mo wá dé orí èyí tí ó gbé mi dé Broad Street. Bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ni pé báńkì tàbí ilé iṣẹ́ adójútòfò tí ó ń bá oníbàárà yín ṣòwò yóò ní kí wọ́n yẹ sáfà wọn wò. Ẹ̀rọ ayẹ̀wò yóò wá gbé ìwé ogójì ojú ewé jáde, ìdajì rẹ̀ pupa, wọn yóò sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé PHP yìí ti gbó, ó ní ihò báyìí báyìí. Ọ̀gá yóò fi ìwé náà ránṣẹ́ sí yín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, yóò ní òun fẹ́ kí pupa náà kúrò níbẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ Ajé. Ẹ̀yin náà yóò wá orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kó PHP tuntun sí, ẹ ó sì fi rọ́pò èyí tí ó wà níbẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

PHP tí ó wà lórí FreePBX kì í ṣe ohun tí a kàn ń bọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀wù. FreePBX 15 bá PHP 5.6 mu, FreePBX 16 bá 7.4 mu, FreePBX 17 sì bá 8.2 mu lórí Debian 12. Àwọn module tí à ń rà fún FreePBX 16 àti 17, ionCube ni wọ́n fi dì wọ́n, ohun tí ń tú ionCube náà sì ní ti PHP kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ PHP láìpààrọ̀ rẹ̀, wọn kò ní ṣí, ojú ìwé funfun nìyẹn. Wàhálà náà kò sì mọ sórí ojú ìwé. Fáìlì dialparties.agi tí ó ń pín ìpè fún ring group (àwọn fóònù tí ń dún lẹ́ẹ̀kan náà), PHP ni wọ́n fi kọ òun náà. Ìdí nìyẹn tí extension fi lè pe extension ní Broad Street, tí ìpè oníbàárà tí ó yẹ kí ó dún lórí fóònù mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà fi ń já.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé pupa náà kò tilẹ̀ wo ihò kankan. Nọ́ńbà ni ó kà. Red Hat àti Debian máa ń fi àtúnṣe ààbò sínú PHP tí wọ́n ti gbé jáde láìyí nọ́ńbà iwájú rẹ̀ padà. Ìyàtọ̀ máa ń wà lẹ́yìn àmì kékeré tí ó tẹ̀lé nọ́ńbà náà, ẹ̀rọ ayẹ̀wò tí ń wo ìta kì í sì í rí ibẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, lórí sáfà ìdílé Red Hat bíi CentOS, ẹ tẹ rpm -q --changelog php, kí ẹ sì wá nọ́ńbà CVE tí wọ́n kọ sínú ìwé náà. Bí ẹ bá rí i níbẹ̀, wọ́n ti dí ihò náà. Ẹ fi ìlà yẹn ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ṣe ayẹ̀wò, kí ẹ sì lọ jẹun.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí bojú. CentOS 7, ètò Linux tí wọ́n gbé ẹ̀yà àtijọ́ ti Sangoma (ilé iṣẹ́ tí ó ni FreePBX) kà, dópin ní ọjọ́ 30 oṣù Òkúdù ọdún 2024. Àwọn tó ń ṣe PHP gan-an ti jáwọ́ nínú 5.6 láti òpin ọdún 2018, wọ́n sì jáwọ́ nínú 7.4 ní ọjọ́ 28 oṣù Bélú ọdún 2022. Bí ìwé pupa bá sọ pé sáfà irú èyí ti gbó, òótọ́ ni ó sọ. Oògùn tí ẹ lò sí i ni kò dára. Oògùn rẹ̀ ni sáfà tuntun: ẹ to Debian 12 àti FreePBX 17 sórí ẹ̀rọ mìíràn, ẹ gbé backup ti àtijọ́ sínú rẹ̀, ẹ dán gbogbo ìpè wò ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ wá pààrọ̀ okùn. Ẹ pa àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹ má tíì nù ún fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ti ẹni tí ó ṣe ayẹ̀wò, ìwé ni kí ẹ kọ sí i, ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èsì tirẹ̀: èyí ti ní àtúnṣe, èyí wà lẹ́yìn VPN, èyí yóò kúrò ní ọjọ́ báyìí.

Mo ń sọ̀rọ̀ yìí nítorí pé èmi náà ṣe é. Ní ọdún 2019, mo pààrọ̀ PHP lórí PBX ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ní àkókò tí iṣẹ́ kàlẹ́ńdà wọ̀ wọ́n lọ́rùn. N kò gbé backup pamọ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni àwọn oníbàárà wọn kò fi rí wọn pè, mo sì padà san owó iṣẹ́ náà fún wọn láti àpò mi. Ìyá tí ó ni ilé ìtẹ̀wé náà kò pariwo mọ́ mi, ó kàn ní, "Ọmọ mi, o ò bi mí kí o tó fọwọ́ kàn án." Títí di òní, mi ò gbàgbé.

Àwọn mìíràn wà tí ẹ ń rí fáìlì olè, tí ẹ ń pa á, tí ẹ sì ń sọ fún ọ̀gá pé ó ti parí. Nínú ọ̀rọ̀ ọdún 2025 yẹn, .clean.sh nínú /var/www/html jẹ́ ọ̀kan lára àmì. Àmì ìdúró iwájú orúkọ rẹ̀ mú kí ls lásán má fi í hàn, ls -la ni yóò fi í hàn. Ẹ yẹ crontab (àkójọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe fúnra rẹ̀ ní àkókò rẹ̀) ti asterisk wò pẹ̀lú, nítorí pé mo ti pa fáìlì kan rí tí ó padà wá kí n tó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Ẹ wo tábìlì ampusers, níbi tí orúkọ àwọn alákòóso wà, bóyá orúkọ àjèjì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ to sáfà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ lo backup tí ó ṣáájú ọjọ́ tí olè wọlé, kí ẹ sì yí páswọ́ọ̀dù gbogbo extension, trunk àti database padà. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé backup náà pamọ́, olè náà lè wà nínú rẹ̀.

Fífi àtúnṣe sí module pẹ̀lú fwconsole ma upgradeall láìfọwọ́ kan ètò Linux abẹ́ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ àbọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ń to Elastix, ètò PBX mìíràn, láti inú disk àtijọ́. Ilé iṣẹ́ 3CX ti ra Elastix láti ọdún 2016, kò sì sí ẹni tí ń dí ihò PHP inú ti àtijọ́ mọ́.

Ẹ bá oníbàárà yín béèrè bóyá wọ́n ń pe òkèèrè. Bí wọn kì í bá pe òkèèrè, ẹ ní kí ilé iṣẹ́ tí ó fún wọn ní trunk dí ọ̀nà 009 láti ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, nítorí pé èyí tí ẹ bá tì lórí PBX nìkan, ẹni tí ó bá wọ PBX lè ṣí i. Bí wọ́n bá sì ń gba ohùn ìpè sílẹ̀, ohùn àwọn ènìyàn ni olè kó lọ. Òfin ààbò dátà ilẹ̀ wa ti ọdún 2023 fún ilé iṣẹ́ ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ tí ó ń bójú tó o létí, bí ó bá lè fi àwọn tí ó ni dátà náà sínú ewu.

Ní Broad Street, ọmọkùnrin náà ní backup, mo sì yìn ín fún ìyẹn. A dá PHP 7.4 padà, ionCube rẹ̀ ṣí, nígbà tí aago mẹ́rin fi máa lù, fóònù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin iwájú dún pa pọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn ojú ìṣàkóso sí ìta kí n tó kúrò níbẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀lé e, a jọ to FreePBX 17 sórí ẹ̀rọ tuntun, òun ni ó tẹ gbogbo àṣẹ náà fúnra rẹ̀, èmi kàn jókòó tì í.