Bí àwọn ọmọ Pírámárì Kejì ṣe ń fi àwòrán sọ ìtàn lédè Gẹ̀ẹ́sì

Bí mo bá gbé àwòrán sókè, "This is a goat" nìkan ni wọ́n ń rí sọ. Mo kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó, wọ́n kà á lákàsórí, pàbó.

Ni mo bá ya àwòrán mẹ́rin tó tẹ̀ léra, mo fi ìwé bo ìkẹyìn kí wọ́n lè fúnra wọn ro bó ṣe máa parí. Ewúrẹ́ ti ki ẹnu bọ gààrí, ìyá gbé ìgbálẹ̀ ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ọ́ fún ẹnìkejì wọn bí ẹni ń pàlọ́. Ariwo sọ! Ìgbà yẹn ni mo tó fún wọn ní "first", "then" àti "but". Wọ́n wá ń sọ pé, "The goat run, but mama catch it." Mi ò dá wọn dúró tún gírámà ṣe, ó di ìgbà tí wọ́n bá sọ tán. Ọmọ kíláàsì mi ò pọ̀ o. Ẹni tí tiẹ̀ kún fọ́fọ́ lè ní láti pín wọn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́.