Bí fáìlì Outlook yín bá ti tóbi jù
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Outlook, ètò ímeèlì ti Microsoft, lórí kọ̀ǹpútà, ẹ gbọ́ èyí kó tó di wàhálà.

Inú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .pst ni lẹ́tà ímeèlì yín lè máa kó jọ sí. Láti Outlook 2010, 50GB ni òdiwọ̀n rẹ̀. Bó bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, Outlook á máa falẹ̀.

Bí fáìlì náà bá bàjẹ́, ẹ má sáré tẹ nǹkan kan. Ẹ ti Outlook pa, kí ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà síbòmíràn ná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí, torí àtúnṣe lè yọ lẹ́tà tí kò bá ṣeé kà dànù. Lẹ́yìn náà, ẹ wá SCANPST.EXE, ètò àtúnṣe tó bá Outlook wá; ẹ fi fáìlì náà hàn án, kí ẹ tẹ Repair. Ẹ̀ẹ̀kan kì í sábà tó. Ẹ máa tún un ṣe títí tí kò fi ní rí àṣìṣe mọ́.

Ní ti ìtóbi, pípa lẹ́tà rẹ́ nìkan kì í dín fáìlì kù lójú ẹsẹ̀. Bí ẹni kó ẹrù kúrò nínú àpótí ni: àpótí ò tìtorí ìyẹn kéré sí i. Ẹ kọ́kọ́ da Deleted Items nù, kí ẹ wá lọ sí Account Settings, Data Files, Settings, kí ẹ tẹ Compact Now, tó máa sọ fáìlì náà di kékeré. Ó lè pẹ́ gan-an. Ẹ má pa kọ̀ǹpútà láàárín. Tí iná ò bá dúró, ẹ dúró de ìgbà tí bátìrì bá kún.

Ẹ má sì ṣí .pst látorí fódà tí ọ́fíìsì jọ ń lò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ibẹ̀ ló ti ń tètè bàjẹ́.