Bí Mo Ṣe To Ìran Ìdílé Kan ní Ẹ̀pẹ́: Láti Ìdí Igi Dé Ibojì

Ohun tí ìdílé náà ní lọ́wọ́ kò ju mẹ́rin lọ: òkúta ibojì kan, ìwé ẹjọ́ ilẹ̀ kan, ìwé tí wọ́n fi ń pín owó ilé, àti ẹnu àwọn àgbà. Ará Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, ìyẹn apá Ẹ̀pẹ́ tí àwọn tó wá láti Èkó tẹ̀dó sí. Wọ́n ní baba ńlá àwọn bá Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, dé, lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé e kúrò l'Ékòó ní ìparí 1851. Ìwé ìbí kò sí. Èkó nìkan ni òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú ti 1863 wà fún. Ẹni tó bá ń wá ìwé ìbí ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí a bí ní 1880, omi ló ń fi agbọ̀n gbé.

Ìwé owó ilé ni mo kọ́kọ́ ṣí, mi ò tíì wo ibojì. Ìdí-igi ni wọ́n fi ń pín owó náà, ìyẹn ni pé ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan ń gba ìpín kan, ọmọ ì báà jẹ́ ẹyọ kan tàbí méje. Ìpín mẹ́fà túmọ̀ sí ìyàwó mẹ́fà tó bímọ. Ká ní orí-ò-jorí ni wọ́n fi pín in ni, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tirẹ̀, orúkọ ọmọ nìkan ni ǹ bá rí, mi ò ní mọ ìyá ta ni. Àléébù rẹ̀ ni pé ìyàwó tí kò bímọ kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Lẹ́yìn náà ni mo wo àmútọ̀runwá. Ní ìdí-igi kẹta, Ìdòwú ló ṣáájú, kò sì sí Táyé, kò sí Kẹ́hìndé. Ìbejì tó ṣáájú rẹ̀, àwọn méjèèjì ti kú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé náà, mo sì fi àlàfo méjì sílẹ̀ fún wọn. Babátúndé tún wúlò ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó ń sọ pé baba àgbà kan ti kú ṣáájú ìbí rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ti baba ni tàbí ti ìyá. Kí ẹ sì ṣọ́ra: bí Táíwò bá jẹ́ orúkọ ìkẹyìn, orúkọ baba ẹni náà lásán ni, kì í ṣe ẹ̀rí ìbejì. Nígbà náà orúkọ baba lọmọ fi ń ṣe orúkọ ìdílé, ó sì ń yí padà ní ìran kọ̀ọ̀kan.

Bí mo bá jókòó ti àwọn àgbà, mi ò kì í béèrè pé "ta ni bàbá rẹ̀?" Àbúrò baba náà, bàbá ni. "Ọmú ta ló mu?" ni mò ń béèrè. Ìdáhùn a máa yára, a sì máa ṣe tààrà. Fún ọdún, mo ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ ṣe ìwọ̀n: ṣé ó ti ń rìn nígbà lúkúlúkú, àjàkálẹ̀ àrùn 1918?

Òkúta ibojì ní baba ńlá kú ní 1937, ó sì pé ọmọ ọgọ́fà ọdún. Ìyẹn ló kó mi lọ́kàn sókè. Àbíkẹ́yìn ìdí-igi kẹfà ṣì ń mu ọmú nígbà lúkúlúkú. Bí òkúta bá jẹ́ òótọ́, ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún ló bí i. Mo tún wo òkúta: ó pe àkọ́bí ní Alhaji, bẹ́ẹ̀ àkọ́bí náà kò lọ Mẹ́kà títí ó fi dàgbà gan-an. Ó ti pẹ́ lẹ́yìn ikú kí wọ́n tó gbẹ́ òkúta yẹn. Ọdún ikú lè jẹ́ òótọ́, nítorí àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Ọjọ́ orí kì í ṣe òótọ́.

Ìwé ẹjọ́ ló là á. Nínú ẹjọ́ ilẹ̀, gbogbo ènìyàn ló ń na ìran wọn gùn, nítorí náà ohun tí ó pa ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lára nìkan ni mo kọ́kọ́ gbà. Ẹlẹ́rìí wọn jẹ́wọ́ pé wọ́n fún àwọn nílẹ̀ ni, àwọn kò rà á, àti pé baba òun, kì í ṣe òun, ló bá Kòsọ́kọ́ dé. Ẹlẹ́rìí yẹn gan-an ni ẹni tó kú ní 1937. Ènìyàn méjì, orúkọ kan, tí ẹnu sọ di ẹyọ kan.

Orúkọ náà ni Bùràímọ̀. Nínú fáìlì ìjọba ní Ilé Ìpamọ́ Ìwé Orílẹ̀-èdè, ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ wá Braimah, Brimoh, Buraimoh àti Ibrahim. Akọ̀wé kọ̀ọ̀kan ló ń kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ mú lọ, ẹ fi bírò sílẹ̀ nílé. Bí ẹ bá rí 1320 nínú ìwé Ààfáà, Hijira, ìkà ọdún àwọn Mùsùlùmí, ni, ó bọ́ sí 1902 sí 1903. Ọdún 33 ti Hijira jẹ́ bí 32 ti òyìnbó. Ẹ má sì gbàgbé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó l'Ékòó: nígbà tí Kòsọ́kọ́ padà ní 1862, ọ̀pọ̀ bá a lọ, ìdajì àwọn ẹbí sì lè wà níbẹ̀.

Bí mo bá ń ya ìran náà, ìlà tí kò já rárá wà fún ohun tí ẹlẹ́rìí méjì tí kò gbọ́ lẹ́nu ara wọn sọ. Baba àti ọmọ tó tún ọ̀rọ̀ baba sọ, ẹlẹ́rìí kan ni wọ́n. Ìlà tó-tò-tó, èyí tó ń já ní ẹsẹẹsẹ, wà fún ẹlẹ́rìí kan. Ìyàwó Bùràímọ̀ baba, ẹni tó bá Kòsọ́kọ́ dé, oríkì rẹ̀ nìkan ni mo rí, Àbẹ̀kẹ́. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìlà tó-tò-tó.