Kásẹ́ẹ̀tì Ń Fà, Ohùn Ń Mì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìtọ́jú Déèkì Kásẹ́ẹ̀tì

Láti ìgbà tí àwọn èèyàn ti mọ̀ pé mo ní déèkì kásẹ́ẹ̀tì àtàtà nílé, tí mo sì ń tọ́jú rẹ̀ fúnra mi, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń gbé wá bá mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn kan jogún déèkì lọ́wọ́ bàbá wọn, àwọn kan ra tòkunbọ̀, àwọn mìíràn sì ní páálí kásẹ́ẹ̀tì ewì, wáàsí, àpàlà àti ohùn àwọn àgbà ẹbí tí wọn kò tíì gbọ́ láti ọdún pípẹ́. Mo ti dáhùn títí ó fi sú mi, ìdí nìyí tí mo fi kó gbogbo rẹ̀ jọ síbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó mú sìkurudíráífà dání. Èyí tó pọ̀ jù nínú déèkì tí mo rí tó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ló bà á jẹ́, kì í ṣe ọjọ́ orí.

Ìbéèrè: Mo ra déèkì tòkunbọ̀, mo fẹ́ tàn án. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Volt 100 ni iná ilé ní Japan, 120 ni ti Amẹ́ríkà, 230 ni tiwa àti ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá kọ 100 tàbí 120 sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí kò sì sí ibi tí ẹ ti lè yí i sí 230, ẹ má ṣe so ó mọ́ iná ìjọba tàbí jẹnẹrétọ̀ láìsí transformer tó ń rẹ iná sílẹ̀. Bí ẹ bá ti so ó mọ́ iná, tí èéfín sì ti jáde, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ èmi àti ẹ̀yin. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ iṣẹ́.

Ìbéèrè: Ohùn ń jáde láti apá kan ṣoṣo.

Okùn ni. Ẹ fi òmíràn so déèkì mọ́ amplifier. Bí kò bá yí padà, ẹ nu hẹ́ẹ̀dì, irin kékeré tó ń ka ohùn lára téèpù.

Ìbéèrè: Déèkì mi kọ̀ láti gba ohùn sílẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì, ní òdìkejì ibi tí téèpù ti hàn síta. Etí kékeré méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti ṣẹ́ ẹ, déèkì kò ní í gba ohùn sí ẹ̀gbẹ́ náà. Ẹ lè lẹ sẹ́lótéèpù bo ihò rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó wà lórí rẹ̀ látòkè délẹ̀, nítorí ẹni tó ṣẹ́ ẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á rẹ́. Bí kásẹ́ẹ̀tì náà bá jẹ́ chrome tàbí metal, ihò mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí déèkì fi ń mọ irú téèpù tó jẹ́. Ìyẹn kò gbọdọ̀ dí.

Ìbéèrè: Ohùn rẹ̀ kú. Kò dán mọ́.

Ẹ nu hẹ́ẹ̀dì. Èmi kò béèrè ìgbà tí ẹ nù ún kẹ́yìn. Ẹ nù ún báyìí. Ẹ ra isopropyl alcohol tó mọ́ dáadáa ní ilé ìtajà oògùn, ẹ ki òwú orí igi kékeré bọ inú rẹ̀, kí ẹ fi pa ojú hẹ́ẹ̀dì àti ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fa téèpù, èyí tí à ń pè ní capstan. Òwú náà yóò pọ́n bí ẹ bá ti pẹ́ kí ẹ tó nù ún. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ títí tí yóò fi mọ́. Ní ti rólà onírọ́bà tó ń tẹ téèpù mọ́ capstan, omi tí a fi ọṣẹ díẹ̀ sí ni mo máa ń lò fún un, nítorí alcohol a máa mú kí rọ́bà gbẹ. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ máa ṣe é léraléra, kí ẹ sì fi aṣọ bo déèkì.

Bí ó bá mọ́ tán tí ohùn ṣì kú, ẹ wo bọ́tìnnì Dolby, èyí tó ń dín ariwo ṣíṣì téèpù kù. Dolby B jáde ní 1968, Dolby C ní 1980, wọn kì í sì ṣe ohun kan náà. Bí wọn kò bá lo Dolby nígbà tí wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀, tí ẹ wá tàn án nígbà tí ẹ ń gbọ́ ọ, ohùn òkè (treble) ni yóò pa. Ọ̀pọ̀ kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbi ìnáwó àti ibi wáàsí kò ní Dolby rárá. Ẹ pa á.

Ìbéèrè: Déèkì mi ń jẹ kásẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má ṣe fà á yọ tipátipá. Ẹ pa iná, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ fi ìka tú téèpù kúrò lára rólà díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi bírò Bic ká a padà sínú ilé rẹ̀.

Ìdí tó fi ń jẹ ẹ́ rọrùn láti lóye. Capstan ń ti téèpù jáde ní sẹ̀ǹtímítà 4.76 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kò sì bìkítà bóyá ẹnì kan ń kó o tàbí kò sí ẹni tó ń kó o. Kẹ̀kẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ló yẹ kí ó máa ká a bí ó ti ń jáde. Bí kẹ̀kẹ́ yẹn bá rẹ̀, téèpù yóò gbá jọ lẹ́yìn capstan, rólà tó dọ̀tí yóò sì gbá a mú, yóò wé e mọ́ra. Nítorí náà, rólà ni kí ẹ kọ́kọ́ nù. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wò ó bóyá kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ló le: ẹ fi bírò yí i, bí ó bá wúwo lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe dá déèkì lẹ́bi. Bí ó bá ń jẹ gbogbo kásẹ́ẹ̀tì, rọ́bà kékeré tó ń gbé agbára lọ sí kẹ̀kẹ́ ọ̀tún ti ń yọ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Rọ́bà kan náà ló sábà máa ń fà á tí déèkì fi ń dá dúró fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tí ẹ tẹ̀ ẹ́, nítorí ó ń wò ó bóyá kẹ̀kẹ́ ń yí, bí kò bá sì yí, á dúró kí ó má baà ba téèpù jẹ́.

Ẹ jìnnà sí C120, kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú ọgọ́fà. Téèpù inú C60 nípọn tó nǹkan bí ìlọ́po méjì tirẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí C120 fi ń ká kò, tí ó sì ń nà. Bí ẹ bá sì rí funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ téèpù bí ìgbà tí búrẹ́dì bá bu, kásẹ́ẹ̀tì náà kò gbọdọ̀ wọ déèkì yín, nítorí yóò kó o ran hẹ́ẹ̀dì, hẹ́ẹ̀dì yóò sì kó o ran gbogbo kásẹ́ẹ̀tì yòókù.

Ìbéèrè: Ẹnì kan ní kí n yí sìkúrù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hẹ́ẹ̀dì, pé ohùn yóò dán.

Ẹ má ṣe yí i. Mo bẹ̀ yín. Sìkúrù yẹn ló ń mú hẹ́ẹ̀dì dúró ṣánṣán sí ọ̀nà tí téèpù ń gbà kọjá, ohun tí à ń pè ní azimuth. Àlàfo tó wà lójú hẹ́ẹ̀dì tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ojú lásán kò rí i, bí ó bá sì yẹ̀ ní ìwọ̀n bíńtín, ohùn òkè ni yóò kọ́kọ́ lọ. Òótọ́ ni pé kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó yẹ̀ lè dán bí ẹ bá yí sìkúrù bá a mu. Ṣùgbọ́n kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún kásẹ́ẹ̀tì yòókù? Nígbà tí ilé iṣẹ́ Nakamichi ti Japan ṣe déèkì Dragon ní 1982, wọ́n fi motor sí i tó ń tún ìdúró hẹ́ẹ̀dì ṣe fúnra rẹ̀ bí téèpù ti ń lọ lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí àwọn yẹn ṣe ẹ̀rọ fún kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń fi ojú wọ̀n. Ẹni tó ní téèpù ìdíwọ̀n (téèpù tí a mọ ìwọ̀n ohùn orí rẹ̀) àti oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán ìgbì ohùn hàn) ni kí ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kàn án.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ohùn ń mì. Bí gángan bá fa ohùn gùn, á máa lọ sókè, á máa wá sílẹ̀. Mo ti pààrọ̀ bẹ́líìtì tó ń yí capstan, síbẹ̀ kò dáwọ́ dúró.

Èyí ni mo fẹ́ jókòó tì, nítorí òun ló fìyà jẹ mí jù lórí déèkì tèmi.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín kí téèpù máa fà àti kí ó máa mì. Bí ó bá ń fà lójú kan, gbogbo ohùn ló wálẹ̀ pọ̀. Ẹ ṣì máa gbọ́ ohun tí gángan ń wí, nítorí bí ohùn òkè ti jìn sí ohùn ìsàlẹ̀ kò yí padà. Èyí kò le: bẹ́líìtì tó ti nà ni, tàbí motor tí wọn kò dá eré rẹ̀ sí bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń mì, ohùn àárín yóò di ohùn òkè lójijì, ohùn òkè yóò wálẹ̀, ìlù yóò sì máa sọ ohun tí onílù kò sọ. Ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù lédè Gẹ̀ẹ́sì lè má fura. Ẹni tó ń gbọ́ oríkì ìdílé rẹ̀ lórí dùndún yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Déèkì mi wá láti Japan, oníhẹ́ẹ̀dì mẹ́ta ni, capstan kan ṣoṣo ló sì ní. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí mì, mo ṣí i, mo bá bẹ́líìtì àtijọ́ tó ti yọ́ mọ́ ara kẹ̀kẹ́ irin ńlá tó wà ní ìdí capstan, ó dúdú, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ìka bí ọ̀dà. Mo nu gbogbo rẹ̀ kúrò kí n tó fi tuntun sí i, nítorí bí ìwọ̀nba díẹ̀ bá kù lára kẹ̀kẹ́, yóò di kókó tí bẹ́líìtì yóò máa gùn kọjá, òun náà yóò sì mú ohùn mì. Ohùn ṣì ń mì. Mo pààrọ̀ rólà. Ohùn ṣì ń mì. Mo gbé e lọ fún atúnrédíòṣe kan, ó ní motor ti kú, ó sì dá owó tó pọ̀ lé e. Mo gbé déèkì mi padà sílé, nítorí ohun kan kò jẹ́ kí n gbà: mímì náà ní àkókò. Kì í ṣe ségesège. Ó ń wá, ó ń lọ, ó tún ń wá.

Mo fi C90 kan sí i, kásẹ́ẹ̀tì dùndún tí mo mọ̀ látorí dé ìparí, mo sì gbé aago síwájú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń mì lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Mo jẹ́ kí ó máa lọ. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ náà ń lọ sí òpin, ó ti yára. Ìṣẹ́jú àáyá kan àti ààbọ̀ ni àlàfo rẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú mi là, torí motor kò mọ iye téèpù tó kù. Capstan tó nípọn tó mílímítà mẹ́ta ń yí ní nǹkan bí ìgbà márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Rólà tóbi jù ú lọ, nítorí náà ó ń yí díẹ̀ ju ìgbà kan lọ, òun náà kì í sì í yí eré padà. Kẹ̀kẹ́ méjì tó di téèpù mú nìkan ni eré wọn ń yí padà bí téèpù ti ń kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Ti ọ̀tún ń yára ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń falẹ̀ ní ìparí. Ti òsì ni ó ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ tó sì ń yára bí ó ti ń tán.

Mo tú kẹ̀kẹ́ òsì. Lábẹ́ rẹ̀ ni aṣọ onírun kékeré róbótó kan wà tó ń dì í mú díẹ̀, kí téèpù má baà dẹ̀ níwájú hẹ́ẹ̀dì. Gíríìsì ti rìn láti ìdí ọ̀pá dé ara aṣọ náà, ó sì ti gbẹ sí apá kan rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ irin. Nígbàkígbà tí apá yẹn bá yí dé, á di kẹ̀kẹ́ mú, á tún jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo fi alcohol fọ irin náà, mo gé aṣọ tuntun tó nípọn bákan náà, mo fi í sípò. Nígbà tí mo tẹ play, gángan náà sọ̀rọ̀ bí onílù ti sọ ọ́.

Ẹ̀yin náà, ẹ mú aago kí ẹ tó mú owó. Bí ó bá ń gbọ̀n kíákíá, tó jọ pé ohùn ń gbọ̀n rìrì, ìdí capstan ni kí ẹ wò: kókó lára kẹ̀kẹ́ irin, tàbí òróró tó ti gbẹ. Bí ó bá tó ìgbà kan ní ìṣẹ́jú àáyá, tí kò sì yí padà, rólà ni. Ẹ wò ó bóyá ó ti le tàbí ó ti ń dán. Bí àlàfo rẹ̀ bá ń yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kásẹ́ẹ̀tì, kẹ̀kẹ́ ni. Kí ẹ sì fi kásẹ́ẹ̀tì mìíràn dán an wò, nítorí ó lè jẹ́ ilé kásẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an ló wọ́.

Ìbéèrè: Bí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́, ta ni kí n gbé e fún?

Ohunkóhun tó bá kan iná inú déèkì, òróró ìdí capstan tàbí azimuth, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, kì í ṣe ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Kí ẹ tó fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ bi í bóyá ó ní téèpù ìdíwọ̀n oní-3,000 tàbí oní-3,150 Hz, kí ẹ sì sọ fún un bí ohùn ti ń mì àti iye àlàfo tí ẹ kà. Bí ó bá ní òun kò nílò téèpù bẹ́ẹ̀, pé etí òun tó, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé déèkì yín padà sínú ọkọ̀.